Wákàtí Òtítọ́ ní Arárọ̀mí Òkè

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ lù, Ìbíyẹmí sì ń ṣe kánkán. Ó ti ìrọ̀rí méjì sí ẹ̀yìn Màmá Tíṣà, ó ki ẹ̀kẹta sábẹ́ orúnkún rẹ̀, ó rẹ aṣọ ìnura sínú omi tútù, ó fún un, ó fi kọ́ etí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ẹnu ìyá àgbà náà láti bá a yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀.

"Fi eyín mi sílẹ̀," ni Màmá Tíṣà wí. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi máa dà wúruwùru bí ti ọmọ ọwọ́."

"Ẹ rántí Bàbá Láníhùn, Màmá. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pa eyín dé títí tiwọn fi kán sí méjì."

"Láníhùn kò ní sùúrù láti kékeré. Jókòó."

Ìbíyẹmí jókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, síbẹ̀ bí Màmá Tíṣà bá ní kí ènìyàn jókòó ní Arárọ̀mí Òkè, olúwarẹ̀ a jókòó ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin náà fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìṣirò. Morádékẹ́ Ọ̀ṣúntóògùn ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti di ti inú ìwé nìkan. Jẹjẹrẹ ló mú un. Ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọ inú egungun, nígbà tó sì dé ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí oògùn tó ràn án mọ́ àfi èyí tó ń sọ ọ́ di ẹni tí ń sùn tọ̀sán-tòru. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n tẹ́ wáyà fún un. Wáyà méjì ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, tí wọ́n tì sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ńlá tó ń gbé ìròyìn ara lọ fún ọpọlọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ ìbàdí rẹ̀ tó ń rán iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ sí wáyà náà. Màmá Tíṣà ti rù débi pé ẹ̀rọ ọ̀hún yọ lábẹ́ awọ bí ìgbà tí ènìyàn bá ki páálí ìṣáná sábẹ́ aṣọ. Bí iná náà bá ti ń lọ, ìrora a há sójú ọ̀nà, kò ní dé orí. Ohun tí ìyá máa ń gbọ́ lára kò ju bí ẹni pé èèrà ń rìn lọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èèrà mi," ló ń pè é. Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni láti máa yí agbára iná náà sókè sódò, nítorí iye tí ara fẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ kọ́ ló fẹ́ lórí ìjókòó. Atúnwáyà ni ìlú ń pe irú rẹ̀.

"Èèrà náà ti ń lọ," ni Màmá Tíṣà wí.

Ìbíyẹmí wo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ìlà tó ń fi agbára iná hàn ń sọ̀ kalẹ̀. Òun kọ́ ló ń fà á. Olú ìlú ni Àjọ tó ń wọn ìrora ti ń pa á, ní agogo mẹ́wàá gééré, ní ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, fún gbogbo ẹni tó ní wáyà lẹ́yìn láti etí òkun dé etí odò Ọya. Wákàtí Òtítọ́ ni òfin pè é.

Ìlà náà kan ìsàlẹ̀.

Màmá Tíṣà kò ké. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó sì ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Láti òdìkejì títì, igbe Sàlámátù, aláìsàn Ìbíyẹmí mìíràn, dé, ó gùn, ó sì ga. Àwọn ará àdúgbò ń pa fèrèsé dé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní àsìkò yẹn.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá wa," ni Ohùn wí láti inú bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gba iná sí ẹ̀rọ ìbàdí náà. Ohùn ọkùnrin tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni, bí ẹni tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìfaradà. Láti oókan dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora yín wà báyìí?"

Èyí ló máa ń bí Ìbíyẹmí nínú ju ohun gbogbo lọ. Ta ló kọ́ irin láti máa pe àgbà ní "ẹ"? Kí ni irin ń bọ̀wọ̀ fún nígbà tó ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀?

"Mi ò sọ," ni Màmá Tíṣà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa."

"Mo ní mi ò sọ."

Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni Ohùn ń padà wá bi í. Ìbíyẹmí nu òógùn, ó nu itọ́. Ó yí i nígbà tó ní kí ó yí òun, ó sì dá a padà nígbà tí yíyí náà di ìyà mìíràn. Kò sí nǹkan míì tí apá rẹ̀ ká. Nígbà tí agogo mọ́kànlá lù, Ohùn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó ní: "Ẹ dákẹ́ lánàá, ẹ tún dákẹ́ lónìí. Bí ẹ bá dákẹ́ lọ́la, òfin yóò gbà pé ẹ kò nílò wáyà mọ́, a ó sì tì í pa. Ẹ kú ìsinmi."

Ìlà gòkè padà. Màmá Tíṣà sọ orí sẹ́yìn, omi ojú méjèèjì sì ṣàn lọ sínú etí rẹ̀. Kò nù ún.

"Màmá, ẹ kàn sọ nọ́ńbà fún un," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ sọ méje. Ẹ sọ mẹ́jọ. Ohunkóhun tó bá ti wá sẹ́nu."

"Gbogbo ayé mi ni mo fi bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà. Mi ò ní mú ọ̀kan fún olè."

Ìbíyẹmí dìde, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì mú rìmóòtù dúdú kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó kú. Wọ́n ti ṣe é kí òfin yìí tó dé, nígbà tí àṣẹ wáyà ṣì wà lọ́wọ́ aláìsàn àti atúnwáyà rẹ̀.

"Mo lè fi èyí já tiyín kúrò lọ́wọ́ wọn," ló wí. "Wọn ò ní lè pa á mọ́. Lónìí yìí náà ni."

Màmá Tíṣà wo rìmóòtù náà pẹ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ẹ. Ìbíyẹmí rí i pé ọwọ́ rẹ̀ sún síwájú díẹ̀ lórí aṣọ.

"Àwa mélòó lò ń tọ́jú ní òkè yìí?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Mélòó ni nǹkan yìí lè já?"

"Ọ̀kan ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ti mọ̀, wọ́n á sì gba ìwé àṣẹ mi."

"Ta ni yóò wá máa tún wáyà àwọn méjìlélógún tó kù?"

"Kò sẹ́ni tí wọ́n máa rán wá kí ọdún tó yí."

"Gbé e padà sínú àpò." Màmá Tíṣà pa ojú dé. Nígbà tó tún là á, ìbínú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àárẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń pa á lójoojúmọ́ kò rí wa rí? Nọ́ńbà ni wọ́n ń rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ìbíyẹmí. Lọ́la, gbé mi lọ sí Ilé Ìwọ̀n, ọ́fíìsì Àjọ ní ìlú wa, kí agogo mẹ́wàá tó lù. Mo fẹ́ jókòó sí gbọ̀ngán wọn."

"Kí ẹ máa japoró lójú àlejò?"

"Ṣé a ò ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni? Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ nìkan la fẹ́ pààrọ̀."

Ìbíyẹmí jókòó padà, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, ó búra pé òun kò ní fi kún ìrora aláìsàn kankan. Ojú ọ̀nà Ilé Ìwọ̀n kún fún kòtò. Gbígbọ̀n ọkọ̀ nìkan tó láti mú kí wáyà sún kúrò ní àyè rẹ̀. Bí òun bá kó aláìsàn lọ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbọ́ igbe wọn, kí ló ya òun sọ́tọ̀ sí Àjọ tó ń fi igbe kan náà ṣe ohun èlò?

"Ìrora mi ni," ni Màmá Tíṣà wí. "Èmi ni mo ni ín. Wọ́n ń wá kó o lójoojúmọ́, wọn ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ìwọ, lọ tọrọ. Lọ bá àwọn yòókù, kí o bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá ní òun ò lọ, kí o kí i dáadáa, kí o sì máa bọ̀."

Ìbíyẹmí lọ. Títí oòrùn fi wọ̀, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ kò gbà. Òmíràn ní òun kò lè jẹ́ kí ayé rí òun bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọkùnrin ẹnìkan lé e jáde. Ẹni méjì ló gbà. Bàbá Láníhùn gbà, ẹni tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí jẹjẹrẹ fi jẹ egungun ìbàdí rẹ̀, nítorí ó ní òun ti ń wá ẹni tí òun máa bú láti ọdún tó kọjá. Sàlámátù náà gbà, ìyàwó ilé ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ìdí tirẹ̀ kò gùn. "Ọmọ mi máa ń sá kúrò nílé tó bá ti di agogo mẹ́wàá," ló wí. "Ọmọ ọdún márùn-ún ti mọ aago wò nítorí mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíyẹmí tẹ́ fóòmù sínú ọkọ̀ oníbátìrì rẹ̀, ó fi iná gbogbo wọn sókè díẹ̀ nítorí ọ̀nà, ó sì wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ilé Ìwọ̀n wà lórí òkè, funfun, ògiri rẹ̀ nípọn, dígí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngán, ìlẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn, ariwo ayé sì dá wáí. Ìbíyẹmí dúró. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wá gba fọ́ọ̀mù níbí, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wá, nítorí náà kò ronú kàn án rí ìdí tí wọ́n fi mọ ògiri bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀ jáde sí wọn. Adébámbọ̀ Kúyọ̀rọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó mọ́ tónítóní, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá Tíṣà, ó sì yíjú sí Ìbíyẹmí.

"Ìyáàfin, ó ku ìṣẹ́jú méje kí agogo mẹ́wàá lù. Ilé ló yẹ kí wọ́n wà."

"Wọ́n fẹ́ ṣe Wákàtí tiwọn níbí, sà. Kò sí ibi tí òfin ti dárúkọ ilé."

Kúyọ̀rọ̀ ronú, ó rí i pé òótọ́ ni, inú rẹ̀ kò sì dùn. "Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìrora ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ara. Bí wáyà bá mú ọdẹ sùn lọ títí, báwo ni dókítà yóò ṣe mọ ibi tí àrùn dé?"

"Àwòrán inú ara ń sọ ìyẹn láìsí ìrora kankan, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Màmá Tíṣà wí. "Nígbà tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di wákàtí kan. Ta ló ń jẹ ìyókù?"

"Àwọn ẹ̀rọ kan ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀," ni Kúyọ̀rọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ìrora tí wọ́n ń kà báyìí ni wọn yóò fi tọ́jú àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ iwájú."

"Ọmọ tèmi dà nínú rẹ̀?" ni Sàlámátù bi í láti orí fóòmù.

Agogo lù. Kúyọ̀rọ̀ yí padà láti wọ ọ́fíìsì inú, ṣùgbọ́n Bàbá Láníhùn ti na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà náà. "Ibẹ̀ ò gbọ́ ariwo, àbí?" ni bàbá náà wí. "Dúró tì wá, ọmọ mi. A ò ní pẹ́. Wákàtí kan péré ni." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, wáyà tirẹ̀ náà kú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ṣubú lu ògiri, ó sì ń fi orí gbá a, gbì, gbì, gbì.

Ìbíyẹmí ti gbọ́ Wákàtí yìí nínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ẹni mẹ́ta pọ̀ rí láàárín ògiri tí kò jẹ́ kí ohùn jáde. Igbe náà kò ríbi lọ. Ó ń kọlu àjà, ó ń padà. Sàlámátù ká jọ sórí fóòmù, ó fi aṣọ dí ẹnu ara rẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, inú sì ń bí i débi pé ojú rẹ̀ ń ṣú. Láti inú bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ohùn kan ṣoṣo ń kí wọn ní ẹ kú àárọ̀, ó ń kí wọn ní ẹ kú ìfaradà.

"Láti oókan dé ẹ̀wá, Ìyá wa, mélòó ni ìrora yín wà báyìí?"

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti kọ ojú sí ògiri. Kúyọ̀rọ̀ dúró láàárín gbọ̀ngán, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbé ara lé.

"Ẹ sọ fún un, Màmá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ kẹta yín nìyí. Wọ́n á tì í pa."

Màmá Tíṣà jókòó gangan lórí àga, ó di apá rẹ̀ mú ṣinṣin. Òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Eyín rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara.

"Wò mí," ló wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ló ti ń pe ọkùnrin náà ní "ẹ" nítorí ipò rẹ̀. Ó ti fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí. "Ìwọ ni ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n. Èmi kò ní sọ nọ́ńbà kankan. Ìwọ ni kí o wọ̀n mí. Má wo ilẹ̀. Wò mí, kí o sọ mélòó ni."

Ohùn bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Kúyọ̀rọ̀ wo ojú ìyá náà, ó yẹ̀ ẹ́, ó tún wò ó. Ní ìgbà kẹrin, Sàlámátù bì sórí aṣọ Ìbíyẹmí. Ní ìgbà karùn-ún, Kúyọ̀rọ̀ ti sún mọ́ àga náà láì mọ̀.

"Mẹ́wàá," ló wí.

"Èyí kì í ṣe ohùn Ìyá wa," ni Ohùn wí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́?"

"Adébámbọ̀ Kúyọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n Arárọ̀mí Òkè." Ó mí kanlẹ̀. "Mẹ́wàá ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́wàá ni láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá wa. Ṣé ẹ fẹ́ kéde pàjáwìrì?"

Bọ́tìnì kan wà lórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹ̀ṣọ́, ó kéré, eruku sì ti bò ó. Ìbíyẹmí ti rí i rí, ó sì ti rò pé ti iná gbọ̀ngán ni. Kúyọ̀rọ̀ rìn lọ bá a. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

Ní ọrùn ọwọ́ Ìbíyẹmí, ìlà mẹ́tàlélógún gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Orí Bàbá Láníhùn dúró lára ògiri. Sàlámátù yọ aṣọ lẹ́nu, ó sì ń mí. Ní gbogbo òkè náà, nínú ilé tí wọ́n ti ti fèrèsé, àwọn ogún tó kù ń gbọ́ èèrà tiwọn lẹ́yìn ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àsìkò, wọn kò sì mọ ẹni tó ṣe é.

Ó yẹ kí inú Ìbíyẹmí rọ̀. Kò rọ̀. Ìka kan ṣoṣo ni. Kò gba agbára. Ọdún mẹ́fà ni bọ́tìnì yìí ti wà níbẹ̀, ọkùnrin yìí sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́, ó ń lọ mu tíì. Ìbíyẹmí ro àwọn tó ti kú láàárín ọdún mẹ́fà náà, àwọn tó fi agogo mẹ́wàá ọjọ́ ìkẹyìn wọn sọ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń nà. Ó dìde, pẹ̀lú èébì lára aṣọ, ó sì lọ dúró níwájú Kúyọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́ lánàá?"

"Mi ò gbọ́ rí," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ lè máa lọ sílé báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní láti kọ̀wé sí olú ìlú kí wọ́n tó bi mí."

"Lọ́la ńkọ́?" ni Màmá Tíṣà bi í.

"Lọ́la kò sí lọ́wọ́ mi, Màmá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni òfin gbà kí n tẹ̀ ẹ́."

Màmá Tíṣà mi orí. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ fún òun lómi, ó mu ún tán, ó sì da ife padà fún un. "Nígbà náà a ò lọ," ló wí. "Láníhùn, ṣé ìwọ ń lọ?"

"Ibo ni kí n lọ?" ni Bàbá Láníhùn wí. Ó ti ń wá ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí.

"Kọ ìwé rẹ, ọ̀gá," ni Màmá Tíṣà wí fún Kúyọ̀rọ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a wà nínú gbọ̀ngán rẹ, pé agogo mẹ́wàá ọ̀la yóò bá wa níbí, àti ti ọ̀túnla. Kọ orúkọ wa ní pípé. Èmi yóò kà á kí o tó fi ránṣẹ́."

Kúyọ̀rọ̀ fa àga sún mọ́ tábìlì ẹ̀ṣọ́, ó sì jókòó síbẹ̀, kò wọ inú. Ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ Ìbíyẹmí ń pariwo pé olú ìlú ń wá a. Ó tú u kúrò lọ́wọ́, ó gbé e fún Sàlámátù kó máa bá òun wo ìlà àwọn yòókù, ó sì jáde lọ síbi ọkọ̀. Bẹ́líìtì iná mìíràn mẹ́ta ló kó, àti fóòmù tó kù, àti ìrọ̀rí gbogbo. Nígbà tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù náà láyà, kò rọ́wọ́ ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ jáde wá, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé òkúta tì í kó má lè pa dé mọ́.